Ẹ Wo Ọmọlójú Kí Ẹ Tó Ta Oògùn: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ẹ̀yin Oníkẹ́míìsì Ìlú Ìbàdàn

Ẹ̀yin oníkẹ́míìsì wa, láti Mọníyà dé Apáta, láti Bódìjà dé Ọjà'ba,

Ẹ kú ọjà o, ẹ ó jèrè. Kí ọ̀pọ̀ ará Ìbàdàn tó ronú kan ọsibítù, iwájú káńtà yín ni wọ́n kọ́kọ́ ń yà sí. Bí inú ọmọ bá ń ṣàn, ẹ̀yin ni. Bí ojú bàbá bá ń ṣú, ẹ̀yin náà ni. Ìdí nìyẹn tí a fi kọ lẹ́tà yìí sí yín, tí a kò kọ ọ́ sí ìjọba.

Ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo la ní. Bí wọ́n bá gbé ẹnì kan wọlé tí itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, tí òógùn ti mú aṣọ rẹ̀ rin gbingbin, tó ń bì, tó ń ṣu gbuuru, ẹ má tíì nawọ́ sí Flagyl, ẹ má sì tíì já páálí oògùn ibà. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù yín kí ẹ fi wo ọmọlójú rẹ̀, ìyẹn ojú dúdú kékeré tó wà láàárín ẹyinjú gan-an. Bó bá ti fún pọ̀ tó kéré bí orí abẹ́rẹ́, ọ̀rọ̀ náà ti kọjá ibà, ó sì ti kọjá oúnjẹ tó bàjẹ́. Ẹ̀ka iṣan kan ló ń ṣiṣẹ́ àṣejù nínú ara ẹni náà. Ohun tó ta ẹ̀ka náà jí lè jẹ́ oògùn tí dókítà kọ fún un, ó sì lè jẹ́ òtápíápíá. Ọmọ ìyá kan náà ni àwọn méjèèjì.

Ẹ jẹ́ ká ṣàlàyé bí ó ṣe rí bẹ́ẹ̀. Àwọn iṣan kan wà nínú ara wa tí wọn kì í dúró gba àṣẹ lọ́wọ́ wa. Àwọn ló ń darí bí ọkàn ṣe ń lù, bí oúnjẹ ṣe ń dà, bí ọmọlójú ṣe ń ṣí tó sì ń pa dé. Ẹ̀ka méjì ni wọ́n. Ẹ̀ka kan wà fún ìgbà ìjayà: bí ajá bá lé ènìyàn, òun ló ń mú àyà lù kìkì, tí ẹnu ń gbẹ, tí ọmọlójú ń là gbàgàdà. Ẹ̀ka kejì wà fún ìgbà ìsinmi. Nígbà tí a bá jẹ àmàlà yó tí a wá jókòó sí abẹ́ àtíbàbà, òun ló ń mú kí itọ́ máa sun, kí ìfun máa yí, kí ọkàn máa rọra lù, kí àpò ìtọ̀ lè fún ìtọ̀ jáde. Ẹ̀ka ìsinmi yìí ni òyìnbó ń pè ní parasympathetic.

Iṣan kì í fọwọ́ ara rẹ̀ kan ẹran tó ń darí. Ó ń rán ìránṣẹ́ ni. Ní 1921, Otto Loewi mú ọkàn àkèré méjì, ó ta iṣan tó wọ inú ọkàn àkọ́kọ́ jí títí ọkàn náà fi ń rọra lù, ó wá bu omi tó yí i ká sórí ọkàn kejì. Ọkàn kejì náà bẹ̀rẹ̀ sí í rọra lù, bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kan iṣan rẹ̀. Báyìí ni ayé ṣe mọ̀ pé ohun kan wà nínú omi yẹn tó ń jẹ́ iṣẹ́. Acetylcholine ni orúkọ ìránṣẹ́ náà. Loewi àti Henry Dale ni wọ́n jọ gba ẹ̀bùn Nobel lórí ọ̀rọ̀ yìí ní 1936. Ìránṣẹ́ yìí kì í pẹ́ lẹ́nu ọ̀nà, torí agbálẹ̀ kan wà níbẹ̀ tó ń gbá a kúrò kó tó pé ìṣẹ́jú àáyá kan. Acetylcholinesterase ni wọ́n ń pe agbálẹ̀ náà.

Nítorí náà, ọ̀nà méjì péré ni oògùn fi lè ta ẹ̀ka ìsinmi jí. Oògùn lè gbé àwọ̀ ìránṣẹ́ wọ̀ kó sì kan ilẹ̀kùn fúnra rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni pilocarpine àti bethanechol ń ṣe. Ó sì lè di agbálẹ̀ lọ́wọ́ mú, kí ìránṣẹ́ máa pọ̀ sí i lẹ́nu ọ̀nà. Iṣẹ́ neostigmine, pyridostigmine, donepezil àti rivastigmine nìyẹn. Iṣẹ́ dichlorvos tó wà nínú òtápíápíá náà nìyẹn. Ìyàtọ̀ wọn ni pé oògùn ọsibítù máa ń tú agbálẹ̀ sílẹ̀ bó bá yá. Dichlorvos ń so ó lókùn, bí wákàtí díẹ̀ bá sì ti kọjá, okùn náà kì í ṣeé tú mọ́. Òógùn nìkan ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ́jú díẹ̀: ẹ̀ka ìjayà ló ń darí rẹ̀, àmọ́ acetylcholine kan náà ni ẹ̀ka yẹn ń rán sí i, ìdí nìyẹn tí òógùn fi ń dà pẹ̀lú ìyókù.

Kí a má rò pé ohun àjèjì ni ìdílé oògùn yìí, ilẹ̀ Nàìjíríà níhìn-ín ni èyí tí ó kọ́kọ́ la òyìnbó lójú nínú wọn ti jáde. Ní agbègbè Kàlàbá, èso kan wà tí àwọn Ẹ́fíìkì ń pè ní èsèrè. Láyé àtijọ́, wọ́n máa ń fún ẹni tí wọ́n bá fẹ̀sùn àjẹ́ kàn jẹ. Ẹni tó bá bì í jáde tó yè, wọ́n á ní kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Èso náà dé ìlú Edinburgh. Ní 1855, ọ̀jọ̀gbọ́n Robert Christison jẹ ẹ́ láti fi dán ara rẹ̀ wò, díẹ̀ ló kù kó gba ibẹ̀ lọ. Ní 1863, Argyll Robertson fi hàn pé ó ń mú ọmọlójú fún pọ̀. Ní 1864, Jobst àti Hesse yọ ojúlówó èròjà inú rẹ̀, physostigmine. Ní 1877, Laqueur ti ń fi í wo àìsàn ojú. Ní 1934, Mary Walker gún obìnrin kan tí ipéǹpéjú rẹ̀ ń já sílẹ̀ ní abẹ́rẹ́ rẹ̀, ipéǹpéjú náà sì gbé sókè. Gbogbo oògùn tó ń di agbálẹ̀ lọ́wọ́ mú lónìí, ẹ̀yìn èsèrè ni wọ́n tò sí.

Ẹ jẹ́ ká wá bọ́ sí ohun tó ń kọjá lórí káńtà.

Pilocarpine ni oògùn ojú fún glaucoma, àìsàn tí agbára omi inú ojú fi ń ga títí yóò fi ba iṣan ìríran jẹ́. Ara ewé jaborandi ti ilẹ̀ Brazil ni wọ́n ti kọ́kọ́ yọ ọ́ ní 1875. Bó ṣe ń fún ọmọlójú pọ̀, tó sì ń fa ẹran kékeré tó yí i ká, ojú ọ̀nà tí omi ń gbà jáde a ṣí. Timolol àti latanoprost ti gba ipò rẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ dókítà, ṣùgbọ́n àwọn kan ṣì ń lò ó, èyí tó jẹ́ 2% tàbí 4%, ó sì lè tó ìgbà mẹ́rin lóòjọ́. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kíkán ẹ̀kán mẹ́ta tàbí mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan “kó lè tètè ṣiṣẹ́”. Ojú kò lè gbà ju ẹ̀kán kan lọ. Èyí tó ṣẹ́kù yóò gba ihò tó wà ní kọ̀rọ̀ ojú wọ imú, yóò gba imú wọ ọ̀fun, yóò sì bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀, níbi tí inú rírun àti òógùn ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ́ oníbàárà yín báyìí: kí ó fọ ọwọ́, kí ó gbé orí sẹ́yìn, kí ó fa ipéǹpéjú ìsàlẹ̀ kó dà bí àpò kékeré, kí ó kán ẹyọ kan sínú rẹ̀ láìjẹ́ kí ẹnu ìgò kan ìpéǹpé, kí ó pa ojú dé jẹ́ẹ́, kí ó sì fi orí ìka tẹ kọ̀rọ̀ ojú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú fún ìṣẹ́jú méjì. Bí oògùn ojú mìíràn bá wà láti kán, kí ó dúró fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Kí ó kọ ọjọ́ tí ó ṣí ìgò sára rẹ̀. Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin bá ti pé, kí ó sọ ọ́ nù, ì báà kù sínú rẹ̀.

Ní ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́, òkè ojú máa ń fọ́ wọn. Èyí kò ní kí wọ́n dáwọ́ dúró, ó máa ń rọlẹ̀. Àmọ́ ọmọlójú tó fún pọ̀ kì í gba ìmọ́lẹ̀ tó lálẹ́, nítorí náà ẹ kìlọ̀ fún awakọ̀ àti ọlọ́kadà. Bí ẹnikẹ́ni bá ní òun ń rí ìmọ́lẹ̀ tó ń bù yẹ̀rì, tàbí àwọn nǹkan dúdú tó ń fò kiri lójú òun, ọjọ́ yẹn gan-an ni kó lọ rí dókítà ojú, torí awọ ẹ̀yìn ojú lè máa ṣí. Ohun kan ń dùn wá púpọ̀ lórí ọ̀rọ̀ ojú yìí: glaucoma kì í sábà dunni, àwọn ènìyàn sì máa ń fi oògùn sílẹ̀ nítorí pé ojú kò dùn wọ́n. Ìríran tó bá ti lọ kì í padà. Ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá wá. Ẹ má sì ta pilocarpine fún Apólò tàbí ojú pípọ́n kankan. Bí inú ojú bá ti wú, ọmọlójú tí oògùn náà fún pọ̀ lè lẹ̀ mọ́ ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Oògùn ojú tí dexamethasone wà nínú rẹ̀ náà, tí àwọn kan ń tà fún Apólò bí ẹni ń ta omi, ó lè gbé agbára omi ojú ga, kó sì dá glaucoma sílẹ̀ fún ẹni tí kò ní in tẹ́lẹ̀.

Pyridostigmine kì í wá lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n bó bá wá, ẹ kíyè sí i. Àwọn tó ní myasthenia gravis ló ń lò ó: ipéǹpéjú wọn máa ń já sílẹ̀ bí ọjọ́ bá ṣe ń lọ, oúnjẹ a máa ṣòro fún wọn láti gbé mì, ohùn a máa wọlẹ̀. Hóró 60 mg ló wọ́pọ̀, ẹyọ kan tàbí ìdajì ní wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà síra, bí dókítà bá ṣe là á sílẹ̀. Ìjàǹbá ibẹ̀ ni pé bí oògùn kò bá tó, ara yóò rọ. Bó bá pọ̀ jù, ara yóò rọ bákan náà. Ẹni tó bá wá ní ara òun kò lágbára, ẹ má sọ fún un pé kó fi ẹyọ kan lé e. Ẹ wo ojú rẹ̀. Ọmọlójú tó fún pọ̀, pẹ̀lú itọ́ àti inú ṣíṣàn, fi hàn pé ó ti pọ̀ jù. Èyíkéyìí tó bá jẹ́, bí èémí bá ti ń ṣòro, ọsibítù ni ní kíá.

Ibi tí ọwọ́ tiyín ti lè pa á lára ju ibẹ̀ lọ ni oògùn mìíràn tí ẹ bá tà fún un. Ciprofloxacin, gentamicin, azithromycin, erythromycin, quinine, chloroquine, propranolol: gbogbo wọn lè mú kí ara onímyasthenia rọ títí kò fi ní lè mí. Kò sí kẹ́míìsì ní Ìbàdàn tí ẹ kò ti ní rí méjì tàbí mẹ́ta nínú wọn lórí àtẹ. Ìbéèrè kan ló yẹ kó máa wà lẹ́nu yín: “Ṣé oògùn mìíràn wà tí ẹ ń lò?” Bó bá dárúkọ pyridostigmine, ẹ má ta oògùn ibà tàbí ti àkóràn kankan fún un, ẹ júwe ọsibítù tó ń wò ó fún un.

Àwọn àgbàlagbà tó ń gbàgbé nǹkan ń pọ̀ sí i, donepezil náà sì ń pọ̀ sí i. Ìbàdàn ní ìtàn nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní 1992 ni Yunifásítì Ìbàdàn àti Yunifásítì Indiana jọ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣèwádìí àrùn ìgbàgbé láàárín àwọn àgbàlagbà àdúgbò Ìdíkàn, wọ́n sì fi wọ́n wé àwọn aláwọ̀ dúdú ìlú Indianapolis. Ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2001 sọ pé lọ́dún, ìdá 1.15 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ti pé ọmọ ọdún 65 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní Ìbàdàn ni Alzheimer, irú àrùn ìgbàgbé tó wọ́pọ̀ jù, ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mú, nígbà tó jẹ́ ìdá 2.52 lọ́hùn-ún. Ó kéré ní tiwa, àmọ́ ó wà. Donepezil kì í wo àrùn náà sàn. Ó kàn ń jẹ́ kí ìránṣẹ́ tó kù nínú ọpọlọ pẹ́ díẹ̀ sí i lẹ́nu iṣẹ́. 5 mg lálẹ́ ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà dókítà lè gbé e dé 10 mg. Bí àlá burúkú bá ń dà á láàmú, kó bi dókítà bóyá òun lè máa lò ó láàárọ̀.

Ẹ wá wo ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀. Ọmọ ra donepezil fún ìyá rẹ̀ ní fámásì ńlá, ó wá yà sí ọ̀dọ̀ yín pé màmá kò rí oorun sùn, ẹ ta Piriton tàbí Phenergan fún un. Oògùn méjèèjì yẹn ń dí ilẹ̀kùn mọ́ ìránṣẹ́ tí donepezil ń kó jọ. Owó oògùn kan ti wọmi, ìgbàgbé màmá yóò sì burú sí i. Bẹ́ẹ̀ náà ni amitriptyline, Artane àti Buscopan. Àwọn kan, nígbà tí donepezil bá mú kí ìtọ̀ máa jò lára wọn, wọn a tún wá ra oògùn tó ń dá ìtọ̀ dúró, okùn á wá di fífà síwá fífà sẹ́yìn. Ẹni tó ń lo atenolol, propranolol tàbí digoxin pẹ̀lú donepezil, ẹ ka ìlù ọrùn ọwọ́ rẹ̀ fún odindi ìṣẹ́jú kan. Bí kò bá tó 50, tàbí bó bá ní òòyì ti gbé òun ṣubú, kí dókítà rí i lónìí.

Rivastigmine máa ń wá ní ìlẹ̀mọ́ awọ ara, tí wọ́n ń pààrọ̀ lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́. Àwọn kan máa ń lẹ tuntun láì ṣí ti àná. Ìlẹ̀mọ́ méjì tàbí mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà yóò mú kí arúgbó máa bì títí tí omi yóò fi tán lára rẹ̀. Arúgbó tó ń lò ó tó bá ń bì, kí ẹ tó ta ohunkóhun, ẹ ní kí wọ́n tú aṣọ ẹ̀yìn rẹ̀ wò. Bí ó bá ti ju ọjọ́ mẹ́ta lọ tí kò lò ó, kí ó má padà sí èyí tó ga; láti ìsàlẹ̀ ni dókítà yóò tún ti bẹ̀rẹ̀.

Neostigmine jẹ́ ti yàrá iṣẹ́ abẹ, kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú ṣọ́ọ̀bù. Bethanechol ń mú àpò ìtọ̀ fún ara rẹ̀, àmọ́ bí kókó prostate ló dí ọ̀nà, ńṣe ni yóò máa ti omi mọ́ ilẹ̀kùn tó tì. Ẹ má tà á fún bàbá tí kò lè tọ̀. Ẹni tó ní ikọ́ fée, gbogbo ìdílé oògùn yìí lè fún ọ̀nà èémí rẹ̀ pọ̀.

Ó wá ku òtápíápíá, èyí tó jẹ́ kí a mú kálàmù gan-an.

Dichlorvos wà nínú ilé, ó wà lóko, ó sì wà lára ẹ̀wà tí àwọn kan ń fi í pa mọ́ kí kòkòrò má bàa jẹ ẹ́. Ní 2019, NAFDAC fòfin de títa ìgò rẹ̀ kékeré oní 100 ml ní ọjà àti súpámákẹ́ẹ̀tì. Síbẹ̀ àwọn kan ń bù ú sínú ìgò omi àti ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò tà. Ọmọ tí òùngbẹ ń gbẹ kò mọ̀ ọ́n yàtọ̀. Bí ó bá wà ní ṣọ́ọ̀bù yín, ẹ kó o kúrò. Oògùn ènìyàn àti oró kòkòrò kò gbọdọ̀ jọ wà lórí àtẹ kan. Àwọn tó ń pa ẹ̀wà mọ́ lè lo àpò PICS: ọ̀rá méjì nínú àpò kan, tí wọ́n so lẹ́nu lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kí afẹ́fẹ́ má wọlé. Kòkòrò yóò kú sínú rẹ̀ láìsí oògùn kankan.

Ènìyàn kò nílò kó mu ún kó tó mú un. Ó ń gba awọ ara wọlé, ó sì ń gba èémí wọlé. Àgbẹ̀ kòkó láti apá Ìdí-Ayùnrẹ́ tó fọ́n irú oògùn bẹ́ẹ̀ sóko lódì sí afẹ́fẹ́ láàárọ̀, tí aṣọ rẹ̀ rin, lè dé ọ̀dọ̀ yín ní ìrọ̀lẹ́ pẹ̀lú orí fífọ́, ojú tó ṣú, inú rírun àti èébì. Yóò ní ibà ni. Ẹ wo ọmọlójú rẹ̀, ẹ gbóòórùn aṣọ rẹ̀, ẹ wo ẹran ara rẹ̀ bóyá ó ń fò pẹ́pẹ́ lábẹ́ awọ, ẹ sì bi í pé kí ló fọwọ́ kàn lónìí.

Ọmọlójú nìkan kò tó láti fi dájọ́. Bàbá tó ń kán pilocarpine lè ní irú rẹ̀, ara rẹ̀ sì dá ṣáká. Ọ̀dọ́ tó lo àwọn oògùn bíi codeine ní àlòjù náà lè ní in, àmọ́ ara tirẹ̀ gbẹ, oorun ń kùn ún, èémí rẹ̀ sì ń falẹ̀. Ọsibítù ni òun náà ń lọ, aporó tirẹ̀ yàtọ̀. Ọmọlójú kékeré pẹ̀lú ara tó ń sun omi níbi gbogbo ni ẹ̀ ń wá.

Bí ẹ bá ti rí i, ẹ má fún un ní epo pupa. Ẹ má fún un ní mílíìkì, ẹ má sì fi omi iyọ̀ mú un bì. Epo rọ̀bì máa ń wà lára ohun tí wọ́n fi po oró yìí. Bó bá ń bì í bọ̀, yóò yà sí ẹ̀dọ̀fóró, epo pupa náà yóò sì tẹ̀ lé e lọ síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ tí oró ì bá má pa, ẹ̀dọ̀fóró wọn ló ń pa wọ́n. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, tàbí kí ẹ fi ọ̀rá bọ ọwọ́. Ẹ gbé e síta níbi tí afẹ́fẹ́ wà. Ẹ bọ́ gbogbo aṣọ ara rẹ̀, kí ẹ dì í sínú ọ̀rá kí ẹ so ó lẹ́nu. Ẹ fi ọṣẹ àti omi púpọ̀ wẹ̀ ẹ́, títí kan irun, abẹ́ èékánná àti abíyá. Ẹ dá a dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì kí itọ́ lè máa dà jáde. Ìwẹ̀ yìí kò gbọdọ̀ dá ọkọ̀ dúró. Bí ọkọ̀ bá ti dé, ẹ máa lọ. Ẹ mú ìgò oró náà dání, tàbí kí ẹ ya àwòrán àkọlé rẹ̀.

Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gún un ní abẹ́rẹ́ atropine ní ṣọ́ọ̀bù kí wọ́n wá ní ó ti tó. Ìwé àṣẹ tí Pharmacy Council of Nigeria fún yín kò gba abẹ́rẹ́ láyè, ìṣirò rẹ̀ náà kò sì gbà á. Atropine ni aporó rẹ̀ lóòótọ́: ó ń dí ilẹ̀kùn mọ́ ìránṣẹ́. Àmọ́ fún àgbàlagbà tó mu oró, ọsibítù lè bẹ̀rẹ̀ láti 2 mg, kí wọ́n sì sọ ọ́ di ìlọ́po méjì ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún títí àyà rẹ̀ yóò fi gbẹ, tí ìlù ọkàn rẹ̀ yóò sì kọjá 80. Ẹ bá wa ṣe é: 2, 4, 8, 16, ó di 30 mg láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bí ìgò abẹ́rẹ́ bá jẹ́ 0.6 mg, 50 ìgò nìyẹn fún ẹnì kan ṣoṣo. Ìdí rèé tí ìpè fóònù sí ọsibítù kí ọkọ̀ tó gbéra fi lè gba ẹ̀mí là, nítorí wọ́n lè máa wá atropine jọ nígbà tí ẹ ṣì wà lójú ọ̀nà. Oògùn kejì, pralidoxime, ló ń gbìyànjú láti tú okùn ọwọ́ agbálẹ̀, òun sì ni ó ń pàdánù agbára rẹ̀ bí wákàtí ṣe ń kọjá.

Bí ó bá jẹ́ pé ẹni náà fọwọ́ ara rẹ̀ mu ún, ìtìjú àti ẹ̀rù ọlọ́pàá máa ń mú kí ẹbí sọ fún dókítà pé ẹ̀wà ló jẹ. Ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n sọ òtítọ́. Ẹ má bú u, ẹ má sì jẹ́ kó dá wà nígbà kankan, lọ́jọ́ náà àti lẹ́yìn tó bá padà sílé.

Wọ́n sì lè gbé e padà láti ọsibítù lọ́jọ́ kejì pé ara rẹ̀ ti yá. Láàárín ọjọ́ kìíní sí ìkẹrin, lẹ́yìn tí itọ́ àti èébì ti dáwọ́ dúró, ọrùn àti àyà lè ṣàdédé rọ. Bó bá wá ra Paracetamol lọ́dọ̀ yín, ẹ ní kó dùbúlẹ̀ kó gbé orí kúrò lórí ìrọ̀rí. Bí kò bá lè gbé e, tàbí tó ń mí gúlegúle, ẹ dá a padà sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀.

Òdìkejì gbogbo èyí náà wà nígboro: gẹ́gẹ́mu. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń mu ún tàbí tí wọ́n ń fa èéfín rẹ̀ máa ń wá pẹ̀lú ọmọlójú tó là gbàgàdà, ẹnu gbígbẹ, ara gbígbóná tí kò làágùn, ìtọ̀ tí kò jáde, àti ọ̀rọ̀ ìsọkúsọ. Ilẹ̀kùn ẹ̀ka ìsinmi ló tì pa. Ẹ má fi Phenergan tẹ̀ ẹ́ lórí ba, yóò tún un tì pa sí i. Nínú àwọn oògùn tí ọsibítù lè fi ṣí i, physostigmine wà, ìyẹn èsèrè Kàlàbá.

Ohun tí a fẹ́ kó wà lábẹ́ káńtà yín kò wọ́n: ìbọ̀wọ́ méjì, ọṣẹ kan, kẹ́ẹ̀gì omi, ọ̀rá ńlá, fóònù tó ní tọ́ọ̀ṣì. Ní ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ lọ sí ọsibítù tó sún mọ́ yín jù, kí ẹ béèrè nọ́ńbà yàrá pàjáwìrì wọn àti iye ìgò atropine tó wà nílẹ̀. Bí wọ́n bá ní kò sí, ẹ béèrè èyí tó tẹ̀ lé e. Ẹ kọ ìdáhùn náà gàdàgbà sára ògiri níbi tí ọmọọṣẹ́ yín lè rí i nígbà tí ẹ kò bá sí nílé.

Àwa apoògùn òyìnbó kan,
Ìbàdàn.